Ìbò 482: Ohun tí Ọ̀ṣun Kọ́ Wa

 Ọ̀rọ̀ òṣèlú la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé inú àwọn kan nínú yín kò ní dùn, wọn yóò ní ṣebí èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà la ní a ó máa kọ. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ káàdì ìdìbò tó wà nínú àpò wa náà sì wà níbẹ̀.

Iye kan ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Iye náà ni 482. Ìbò 482 ni àjọ elétò ìdìbò, INEC, ní Gbóyèga Oyètọ́lá fi borí Adémọ́lá Adélékè nínú ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 2018. Àwọn méjèèjì pín ìbò tó lé ní 510,000 láàárín ara wọn, síbẹ̀ àlàfo tó wà láàárín wọn kò kún gbọ̀ngàn ńlá tí a ti ń gba kọ́ọ̀sì tí gbogbo ẹ̀ka jọ ń ṣe. Bí a bá pín 482 sí ìjọba ìbílẹ̀ 30 tó wà ní Ọ̀ṣun, ènìyàn 16 ló kan ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò wá ṣẹ́ ku méjì. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún péré! Èrò inú bọ́ọ̀sì kan ni.

Ilé ìwé girama ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà nígbà náà. A kò tíì pé ọmọ ọdún 18, a kò lè dìbò, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ lórí rédíò, a sì rí bí àwọn òbí wa ṣe ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ní báyìí tí àwa náà ti di olùdìbò, ọ̀kan nínú wa sọ pé òun kò ní tò sórí ìlà ìdìbò láéláé, nítorí Ọ̀ṣun 2018. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé nítorí Ọ̀ṣun 2018 gan-an ni òun kò ṣe ní pa ìbò kankan jẹ. Ìtàn kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́, wọ́n sì rí ẹ̀kọ́ méjì kọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi jókòó tú u palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ikú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Sẹ́nétọ̀ Ìṣíákà Adélékè, ẹni tó ti ṣe gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ọ̀ṣun, kú lójijì. Àga rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ṣófo, òfin sì sọ pé àwọn ará ẹkùn ìwọ̀-oòrùn Ọ̀ṣun gbọ́dọ̀ tún dìbò yan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún náà ni wọ́n dì í. Adémọ́lá, àbúrò olóògbé, jáde lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ PDP, ó sì ní ìbò 97,480. Mudashiru Hussain ti ẹgbẹ́ APC, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní ìpínlẹ̀ náà, ní 66,116. Ìbò ìrọ́pò kékeré tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ló fi han gbogbo ayé pé ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ tó wà nípò kò fẹ́ dúró dáadáa mọ́ ní Ọ̀ṣun. Ọkùnrin ọmọ Ẹdẹ tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí oníjó wá di ẹni tí a ń fọkàn sí. Ní ọdún kejì, ó jáde fún ipò gómìnà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni ìdìbò gómìnà náà wáyé. Olùdíje 48 ló wà lórí ìwé ìdìbò. Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá ti fẹ́ lo ọdún mẹ́jọ rẹ̀ pé. Oyètọ́lá, ọmọ Ìràgbìjí, tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀, ni APC fà kalẹ̀. Mọ́ṣúdì Adéoti tó ti jẹ́ akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ náà bínú kúrò nínú ẹgbẹ́, ó lọ díje lábẹ́ ADP. Ìyíọlá Omíṣore, ọmọ Ilé-Ifẹ̀, gbé àsíá SDP.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Adélékè ní 254,698, Oyètọ́lá ní 254,345, Omíṣore ní 128,049. Adélékè fi ìbò 353 ṣíwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Fuwape, ọ̀gá àgbà yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ló ka èsì náà. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ẹnikẹ́ni wọlé. Ó ní wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó méje, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 3,498, iye yìí sì ju 353 lọ fíìfíì. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà INEC, a kò tíì lè mọ ẹni tó borí títí àwọn ibùdó méje náà yóò fi tún ìbò dì.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọlé. Bí a bá sọ pé ìbò náà “kò parí”, ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ náà bà jẹ́ ni. Bí a bá sọ pé “kò tíì parí”, ìlérí wà nínú rẹ̀ pé yóò parí láìpẹ́. “Tíì” kékeré yẹn ni ogun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́sẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ PDP ní ìbò ti parí pátápátá: ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá ní ìbò tó pọ̀ jù, tó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀, òun ni gómìnà. Wọ́n ní ẹni àwọn ti ṣe é. INEC àti APC ní rárá, ó ku ibùdó méje.

Ẹ wo ibi tí àwọn ibùdó náà wà. Mẹ́ta wà ní Orolu, olùdìbò 947. Méjì wà ní Gúúsù Ifẹ̀, olùdìbò 1,314. Ọ̀kan wà ní Òṣogbo, olùdìbò 884. Ọ̀kan tó kù wà ní Àríwá Ifẹ̀, iye olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 353. Ẹ ò rí i bí? Ibùdó kan ṣoṣo ní Àríwá Ifẹ̀ ní olùdìbò tó bá àlàfo gbogbo ìpínlẹ̀ mu rẹ́gí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo Ọ̀ṣun kò jámọ́ nǹkan kan mọ́ lójú àwọn olóṣèlú àfi ibùdó méje yẹn.

Ẹni tó ṣe ipò kẹta wá di ẹni tí gbogbo ayé ń wá. Mẹ́ta nínú àwọn ibùdó náà wà ní agbègbè Ifẹ̀, ibẹ̀ sì ni Omíṣore ti lẹ́nu. Bùkọ́lá Sàràkí, tó jẹ́ ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, lọ bá a nítorí PDP. Àwọn gómìnà APC náà lọ bá a. Níkẹyìn, ó ní APC ni òun yóò bá ṣe.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n ṣe àtúndì ìbò náà. APC ní 1,160, PDP ní 325. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀: Oyètọ́lá di 255,505, Adélékè di 255,023. Ibi tí 482 ti wá nìyẹn. Àwọn aṣojú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lọ wo ìbò náà kọ̀wé jáde pé àwọn rí ohun tó jọ ìdíwọ́ àti ìdẹ́rùbà fún àwọn olùdìbò, àwọn sì gbọ́ pé wọ́n da àwọn oníròyìn àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ láàmú.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀ṣun. Ó di ti ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2019, ìgbìmọ̀ adájọ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò dá Adélékè láre: méjì gbà, ọ̀kan kò gbà. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà fún Oyètọ́lá: mẹ́rin gbà, ọ̀kan kò gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí Oyètọ́lá múlẹ̀: márùn-ún gbà, méjì kò gbà. Kí ni wọ́n gùn lé? Wọ́n ní adájọ́ tó kọ ìdájọ́ àkọ́kọ́ kò sí níjòókòó ní ọjọ́ kan tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rí, nítorí náà ìdájọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rẹ́ wa tó ní òun kò dìbò mọ́ ti máa ń gbá tábìlì. Ó ní: “Ènìyàn tó lé ní ìlàjì mílíọ̀nù tò sínú oòrùn, adájọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wá yàn fún wọn, àìwá adájọ́ kan lọ́jọ́ kan ló sì parí ẹjọ́. Kí ni mo wá ń wá lórí ìlà?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. A kò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Oyètọ́lá ṣèjọba ọdún mẹ́rin rẹ̀. Láàárín àkókò náà, òun àti ọ̀gá rẹ̀ àná, Arẹ́gbẹ́ṣọlá, kò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Adéoti tó ti padà sínú APC bá Oyètọ́lá du àsíá ẹgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, Arẹ́gbẹ́ṣọlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n Oyètọ́lá ló gbá a mú. Omíṣore náà ti gòkè, ó di akọ̀wé àgbà APC ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Lórí ìwé, agbára ẹgbẹ́ tó wà nípò ti pọ̀ ju ti 2018 lọ. Nínú ilé, ó ti fọ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022, Oyètọ́lá àti Adélékè tún pàdé. Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Àlàfo ọ̀tẹ̀ yìí jẹ́ 28,344, kò sì sí pé a ń lọ tún ìbò dì níbì kankan. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ló wà lóde lásìkò náà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wà ní títì, ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀ṣun tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nílé. Ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ Ẹdẹ dìbò àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń sọ pé oore kan ṣoṣo tí oṣù mẹ́jọ ìyanṣẹ́lódì náà ṣe òun nìyẹn.

Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ kò ṣàì tún yọjú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò gba ipò náà lọ́wọ́ Adélékè, wọ́n ní iye ìbò ju iye ènìyàn tí ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wò lọ láwọn ibùdó kan. Ní oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà fún un. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kì í ṣe pé àlàfo ńlá ń lé ẹjọ́ dànù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ojú ihò tí àtúndì ìbò lè gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ohun tó fa àtúndì ìbò ní 2018 ni pé 353 kéré sí 3,498. Ká ní ẹni tó ń ṣíwájú rí ènìyàn 105 kún tirẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 353 yóò di 3,503. Ibùdó méje náà kò ní lè yí ohunkóhun padà, wọn ì bá sì ti kéde ẹni tó wọlé lọ́jọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ka èsì. Kò ní sí Ọjọ́bọ̀ kankan. Kò ní sí pé à ń bẹ ẹni ipò kẹta kiri. Kì í ṣe ẹgbẹ́ kan là ń gbè sí lẹ́yìn. Ìṣirò yìí bá ẹgbẹ́ méjèèjì mu. Ènìyàn 105 ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, ṣé ó pọ̀ ni? Ní ọjọ́ ìdìbò, ẹ ó rí ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí pápá tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lójú pópó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ọdún 2018 yẹn náà ni gbólóhùn “dìbò kí o sebẹ̀” gba ìgboro kan, ní Èkìtì lóṣù keje àti ní Ọ̀ṣun lóṣù kẹsàn-án. Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀: dìbò fún wa, gba owó, lọ fi se ọbẹ̀ alẹ́. Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́, ó sì pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè yìí mọ ibi tí “ìbò” ti wá. Níwájú Ifá, owó ẹyọ àti eegun ni ìbò. Ẹni tó wá dá Ifá ni yóò dì wọ́n mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, babaláwo gan-an kò ní mọ èyí tó wà ní ọ̀tún àti èyí tó wà ní òsì. Ohun tí a ń pè ní dídi ìbò nìyẹn. Inú àtẹ́lẹwọ́ tó pa dé ni agbára rẹ̀ wà. Bí a bá ṣí ọwọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn yọjú wò ó kó tó sanwó, a ti tú ìbò náà nìyẹn, a kò dì í. Ẹni tó gbowó ọbẹ̀ ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2018 kò mọ̀ pé òun wà lára 482. Ọbẹ̀ ọjọ́ náà tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́rin ni ìjọba lò.

Ó wá ku tiwa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, ìlú òbí wa ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti forúkọ sílẹ̀, ibòmíràn la sì ti ń kàwé. Ní ọjọ́ ìdìbò, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, nítorí náà ẹni tí kò bá ti wà nílé ṣáájú kò lè débẹ̀ mọ́. Ní ìdìbò gbogbogbò ọdún 2023, àjọ NUC ní kí àwọn yunifásítì ti ìlẹ̀kùn láti ọjọ́ 22 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ráyè lọ dìbò. Ṣùgbọ́n irú ìbò Ọ̀ṣun àti Èkìtì tó máa ń dá wáyé lọ́tọ̀, àti ìbò ìrọ́pò bíi ti ọdún 2017, ta ni yóò ti yunifásítì nítorí wọn? Nínú irú ìbò wọ̀nyí, àlàfo lè kéré gan-an, bíi ti Ọ̀ṣun 2018. Ibẹ̀ ni ènìyàn 16 ti lè yí nǹkan padà, ibẹ̀ náà sì ni àwa kì í sí.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ìgbàkígbà tí INEC bá ń forúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀, wọ́n máa ń gba ẹni tó fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ kúrò ní ibùdó kan lọ sí òmíràn. Ẹni tó bá ṣì ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta lò ní ilé ìwé lè gbé e wá sí ìtòsí. Ẹni tó ti fẹ́ parí lè fi í sílẹ̀ nílé, kó mọ ọjọ́ ìbò ìlú rẹ̀, kó sì tètè wọkọ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń gbá tábìlì kò tíì gbà. Ó ní kí a tó bá òun sọ̀rọ̀ káàdì, kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé adájọ́ fún òun. Ọmọ Ẹdẹ ní kò sí adájọ́ tó lè ka ìbò tí ẹnikẹ́ni kò dì. Ọ̀rọ̀ yìí la bá délé, òun náà la bá jí. Ohun kan tí àwọn méjèèjì fẹnu kò sí ni pé ìgbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, àwọn yóò jọ lọ: ọ̀kan láti gbé orúkọ rẹ̀ wá sí ìtòsí, èkejì, ó ní, láti sìn ín lọ lásán. A ti sọ fún un pé kó mú káàdì tirẹ̀ dání, bóyá ó lè yí ọkàn padà lójú ọ̀nà.